Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún fún iṣẹ́ ọ́ḿpáyà ní ìdíje softball tí a lọ lẹ́yìn odi Houston

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé eré fún ẹgbẹ́ softball tí ọmọbìnrin mi wà. Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Kí n tó wá sí Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́yìn kántà báǹkì ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, níbi tí náírà márùn-ún tí kò bá bára mu lè dá gbogbo yín dúró sẹ́nu iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá ti mú pẹ́ńsùlù dání, n kì í fi ṣeré. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, mo ti kọ ọ́. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ́ḿpáyà, ìyẹn àwọn adájọ́ eré, ní ìdíje tí a lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹfà, inú ìwé ló wà. Kì í ṣe torí pé wọ́n na àwọn ọmọ wa. Eré mẹ́rin la gbá, a borí nínú méjì, wọ́n nà wá nínú méjì.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé ìdíje náà kalẹ̀, torí mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ti fèsì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa. Àmọ́ owó wọn kì í ṣe owó kékeré. Yàtọ̀ sí ohun tí ẹgbẹ́ san kí wọ́n tó kọ orúkọ wa sílẹ̀, dọ́là méjìlá lẹ́nu ọ̀nà fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, dọ́là mẹ́wàá fún ibi tí a gbé mọ́tò sí. Àwa mẹ́ta la wọlé: èmi, ọkọ mi, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọjọ́ méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú owó yẹn ni ti ọ́ḿpáyà wà, òun gan-an la sì ń rà, torí pápá, igi àti bọ́ọ̀lù, a ní ìyẹn ládùúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá ọkọ mi ò rí irú eré yìí rí. A ò tíì ṣí àga wa tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìyàwó mi, ta ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ yẹn, tó gbé irin bojú?"

Mo ní, "Adájọ́ wọn ni, Mà."

Wọ́n wo gbogbo pápá yíká. Wọ́n ní, "Òun nìkan?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ yẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, kò le. Ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní pitcher á dúró sáàárín, á ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ ọwọ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ kejì tó di igi mú. Fún àwọn tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, bíi tiwa, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Rọ́bà funfun kan wà nílẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17. Bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè rọ́bà yẹn kọjá, láti abíyá ọmọ náà dé òkè orúnkún rẹ̀, strike ni. Strike mẹ́ta, ọmọ náà jáde. Èyí tó bá gba ìta kọjá tí kò sì na igi sí i, ball ni wọ́n ń pè é. Tó bá pé mẹ́rin, á rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí béèsì kìíní, ìyẹn àkọ́kọ́ nínú àwọn ibi ìdúró tó wà nínú pápá. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ni béèsì kan sí èkejì. Ẹni tó bá yí wọn po tó padà dé orí rọ́bà funfun ti gba ayò kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ti ẹgbẹ́ kan bá wà lórí béèsì lẹ́ẹ̀kan náà, tí bọ́ọ̀lù ń fò, tí gbogbo wọn ń sá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ́ḿpáyà ti ń le.

Ọmọ tó bá lágbára lọ́dún méjìlá lè ju bọ́ọ̀lù ní máìlì 50 láàárín wákàtí kan. Láti ẹsẹ̀ bàtà 40, kò ju ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá àti díẹ̀ lọ tó ti dé. Ọ́ḿpáyà gbọ́dọ̀ wò ó bọ̀, kó mọ̀ bóyá ó gba etí rọ́bà tàbí ó fo, kó sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Á ṣì í. Kò sẹ́ni tí kò ní ṣì í. Àní ní Oklahoma City, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń parí ìdíje wọn lọ́dọọdún, níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ pé àwọn ọ́ḿpáyà tó mọṣẹ́ jù lọ ló ń darí ẹ̀, kóòṣì ṣì lè ní kí wọ́n padà lọ wo fídíò lórí àwọn ìdájọ́ kan. Nítorí náà, lórí strike àti ball, mi ò bá ọ́ḿpáyà kankan jà, mi ò sì yọ ìràwọ̀ kankan kúrò nítorí ẹ̀. Ohun tí mo yọ ìràwọ̀ lé lórí ni àṣìṣe tó ṣeé tún ṣe lójú ẹsẹ̀, tí wọn ò tún un ṣe.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni eré kìíní. Mo lè ka ìwé náà fún yín bó ṣe wà. Ọmọ ẹgbẹ́ kejì dúró, ọmọ mi ń jù. Bọ́ọ̀lù kìíní gba ìta: ball kan. Èkejì wọlé: strike kan. Ẹ̀kẹta, ó gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde kúrò lójú pápá. Foul nìyẹn, strike ti di méjì. Ẹ̀kẹrin gba ìta: ball méjì. Ẹ̀karùn-ún, ó tún gbá a gba ẹ̀gbẹ́. Tí strike bá ti pé méjì, foul kì í fi kún un mọ́, ibi tí kíkà wà náà ló ṣì wà. Ẹ̀kẹfà gba ìta. Ball mẹ́ta, strike méjì. Bọ́ọ̀lù tó kàn ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ọ́ḿpáyà nawọ́ sí béèsì kìíní, ó ní kí ọmọ náà máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣojú mi. Ẹ̀yìn wáyà ni mo jókòó sí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ́ḿpáyà máa ń di ohun kékeré kan mú lọ́wọ́ òsì, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tó ní àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí: ọ̀kan fún ball, ọ̀kan fún strike, ọ̀kan fún iye ọmọ tó ti jáde. Nígbà foul kejì yẹn, àtàǹpàkò rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ ball. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ìka ló ṣe é fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ akọ̀wé báǹkì ṣe lè ka owó kọjá nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ irú àṣìṣe yẹn dáadáa. Èmi náà ti ṣe é rí.

Kóòṣì wa jáde, ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ́ḿpáyà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ball mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo gbé ìwé mi dìde. Ìyá tó ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ kejì, tó jókòó ti èmi gan-an, wo tirẹ̀, ó wo tèmi, ó ní ball mẹ́ta lòun náà kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni àṣìṣe náà ń ṣe lóore o! Síbẹ̀ ó sọ òótọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ìwé méjì, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn kan. Ọ́ḿpáyà ní ohun tó wà lọ́wọ́ òun lòun máa tẹ̀ lé, ó sì ní kí eré máa lọ. Kò rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn wá wò ó. Ọmọ tó rìn lọ́fẹ̀ẹ́ náà gba ayò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù méjì. A borí eré ọ̀hún pẹ̀lú ayò 6 sí 4, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀: bá a bá tilẹ̀ borí pẹ̀lú ogún ayò, kíkà yẹn ò bára mu.

Eré kejì ló dùn mí jù.

Ọ̀sán ti pọ́n. Òòrùn Texas ti dé 97 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbí, ìyẹn 36 lórí tiwa. Ọ́ḿpáyà tó wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, òun nìkan sì ni. Ọmọ kan ti ẹgbẹ́ kejì ti jáde, àwọn méjì wà lórí béèsì, ọ̀kan ní kìíní, ọ̀kan ní kẹta. Ọmọ mi ju strike kẹta, ẹni tó di igi mú fẹ́ ẹ kù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà bọ́ kúrò nínú ìbọ̀wọ́ catcher wa, ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rọ́bà, ó yí lọ. Ọmọ tó jáde náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré lọ sí béèsì kìíní. Ìyá rẹ̀ ń pariwo "Sáré!" Catcher wa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àyà ẹ̀ já, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ sí béèsì kìíní, ó fo orí ẹni tó yẹ kó gbà á lọ sínú koríko. Àwọn méjì tó wà lórí béèsì wọlé. Ẹni tó ti jáde dúró sórí béèsì kejì.

Ó ní òfin lórí ìyẹn, ó sì ṣe kedere. Tí catcher bá sọ strike kẹta nù, ẹni tó di igi mú lè sáré lọ sí béèsì kìíní tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀, tàbí tí ọmọ méjì bá ti jáde. Ẹnìkan wà níbẹ̀. Ọmọ kan péré ló ti jáde. Torí náà, láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ kù ló ti jáde, sísáré ò sí nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo fẹ́ ṣe dáadáa sí ẹgbẹ́ kejì níbí: ayò méjì tó wọlé, tiwọn ni. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà láàyè, àwọn tó wà lórí béèsì lẹ́tọ̀ọ́ láti sá, àwa la sọ bọ́ọ̀lù nù. Kò sẹ́ni tó bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lórí béèsì kejì yẹn, àga ló yẹ kó ti lọ jókòó. Ọmọ méjì ló yẹ kó ti jáde, kí béèsì sì ṣófo.

Kóòṣì wa ní kí eré dúró. Ó sọ òfin náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, ìdájọ́ ojú òun ni, wọn kì í ta kò ó. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀. Ohun méjì ni ọ́ḿpáyà ń ṣe. Ó ń wò, ó sì ń lo òfin. Bóyá bọ́ọ̀lù gba etí rọ́bà, bóyá ìbọ̀wọ́ tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọmọ kó tó dé béèsì, tí á fi jáde, ojú ló rí ìyẹn, kò sì sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá ẹnìkan wà ní béèsì kìíní nígbà tí strike kẹta bọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Òun gan-an ló gba ayò kejì! Ìyẹn, òfin ló ń sọ ohun tó kàn, kóòṣì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta kò ó, bí wọn ò bá tíì ju bọ́ọ̀lù mìíràn. Tí wọ́n bá ti ju ọ̀kan báyìí, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ko ìdájọ́ á fi ọgọ́rùn-ún dọ́là sílẹ̀, tó bá jàre wọ́n á dá a padà. Kóòṣì wa yọ owó náà, ó ká a sọ́wọ́. Kò rí ẹni tó máa fún. Olórí àwọn ọ́ḿpáyà wà ní pápá mìíràn tí ìrìn mọ́tò rẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ láago, ó gbé fóònù sétí nínú òòrùn fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó wá ní wọ́n ní ká máa gbá a lọ. Ṣé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù béèrè iye ọmọ tó ti jáde? Ṣé ó béèrè ẹni tó wà ní béèsì kìíní? Mo wà nítòsí, mi ò gbọ́ kí ọmọ náà dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà ló ṣaláì sí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó wà lórí béèsì kejì wọlé ní bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e. Ayò 5 sí 4 ni wọ́n fi nà wá. Ẹ rí iye tó fi jù.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tiwa ló jẹ̀bi rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bàbá ọmọ kan láàárín wa dìde mọ́ wáyà, ó bú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní èébú tí mi ò lè kọ síbí. Kò dákẹ́ títí eré fi parí. Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ gbogbo èdè náà, àmọ́ wọ́n gbọ́ ohùn. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un kó má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé òun ló rán ara ẹ̀ wá ni?" Nígbà tí eré parí, wọ́n ní kí n gbé omi tútù àti chin-chin tí wọ́n gbé wá láti ilé fún un. Mo bá a lẹ́yìn ibi ìjókòó, ó ti ṣí irin ojú, irun ẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí bí ẹni tó jáde nínú odò. Ọwọ́ tó fi gba omi ń gbọ̀n. Ó ní eré karùn-ún òun nìyẹn láti àárọ̀, ẹni tó yẹ kí àwọn jọ ṣe é kò wá, wọn ò sì wá ẹlòmíì rọ́pò. Ó ku eré kan. Ó wá bi mí pé, ohun tí kóòṣì yẹn sọ nípa béèsì kìíní, ṣé òótọ́ ni? Mo ní òótọ́ ni, ọmọ mi. Ó mi orí, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Àjọ NFHS tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé gíráámà nílẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé nǹkan bí 50,000 àwọn tó ń darí eré ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láàárín sáà 2018-19 sí 2021-22. Àrùn kòrónà dá sí i, àmọ́ èébú òbí náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ́ḿpáyà ò pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá pọ̀, kí wọ́n gba ẹgbẹ́ díẹ̀. Ẹni tó gba owó ẹgbẹ́ púpọ̀, tó wá rán ọmọ kan ṣoṣo lọ fi eré mẹ́fà jóná nínú òòrùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń mú ẹjọ́ mi lọ. N kì í mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí ẹ dúró sẹ́yìn catcher, kí ẹ wá wo béèsì kejì: ẹsẹ̀ bàtà 84 àti díẹ̀ ló jìnnà, catcher sì ti dìde dúró síwájú yín láti ju bọ́ọ̀lù. Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i bóyá ìbọ̀wọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tó ń yọ̀ wọlẹ̀, tí eruku bo gbogbo wọn? Nínú eré kejì yẹn kan náà, ó pe ọmọ kan ní safe, ìyẹn ni pé kò jáde, ní béèsì kejì; lẹ́yìn eré ni ọmọ náà fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ọmọ mi, níbi tí wọ́n ti ń ra yìnyín dídùn, pé wọ́n ti fọwọ́ kan òun kí òun tó dé. Ohun mìíràn tún wà tí ojú méjì péré ò lè ṣe. Nínú softball, ọmọ tó wà lórí béèsì kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lọ́wọ́ pitcher. Tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó jáde nìyẹn. Báwo ni ẹnìkan ṣe fẹ́ wo ọwọ́ pitcher níwájú, kó wo ẹsẹ̀ ọmọ tó wà ní béèsì kìíní lápá ọ̀tún, kó tún múra sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bá a lójú? Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n mọ̀ pé kò lè rí i. Mo ka ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n yá lọ lójú wa, kò sí ẹni tó pè é.

Eré kẹta, a borí, kò sí wàhálà, mi ò ní fi gùn ún.

Ó wá ku ọjọ́ Àìkú, níbi tí ìràwọ̀ méjèèjì tí mo fún wọn ti wá. Ẹni tó bá pàdánù á lọ sílé. Obìnrin kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló dúró sẹ́yìn rọ́bà, irun wọn funfun lábẹ́ fìlà, ọkùnrin kan sì wà lẹ́bàá àwọn béèsì. Ọ́ḿpáyà méjì! Màmá yẹn pe àwọn kóòṣì méjèèjì jọ, wọ́n tọ́ka sí ibi tí bọ́ọ̀lù bá yí dé tí eré máa dúró. Wọ́n wá sí ẹ̀yìn wáyà wá bá àwa tí à ń kọ̀wé, wọ́n ní, "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje la bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," torí ìṣẹ́jú 75 ni eré, àríyànjiyàn sì máa ń pọ̀ lórí aago. Wọ́n ní tí kíkà bá rú òun lójú, ọ̀dọ̀ wa lòun ń bọ̀. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún lówó.

Ní inning kejì (inning ni ìyípo kan tí ẹgbẹ́ méjèèjì á ti di igi mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan), ọkùnrin tó wà lẹ́bàá béèsì pe ọmọ wa kan pé ó ti jáde ní béèsì kìíní. Kóòṣì wa bi í bóyá ó lè béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Kò bínú. Ó rìn lọ bá màmá yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó padà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: safe. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ tó gba bọ́ọ̀lù ti kúrò lórí béèsì, òun ò sì rí i láti ibi tí òun dúró sí. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Kóòṣì ẹgbẹ́ kejì ò rí nǹkan kan sọ.

Inning karùn-ún ni tiwa dé. Ayò 3 sí 2 la fi ń lé iwájú, ọmọ méjì ti ẹgbẹ́ kejì ti jáde, òmíràn nínú ẹgbẹ́ wọn wà ní béèsì kẹta. Bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ catcher lọ́wọ́, ó yí dé ìdí wáyà níwájú mi. Ọmọ mi sáré láti àárín wá síbi rọ́bà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tó wà ní béèsì kẹta náà ń bọ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ dí ojú ọ̀nà, orúnkún méjèèjì lórí ìlà funfun, ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sì tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn rọra, ó yà bàrá láti gba ẹ̀gbẹ́. Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù dé, ọmọ mi yíjú, ó fi kàn án lẹ́yìn. Gbogbo wa fò sókè. Ọkọ mi gbé ìyá rẹ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n èmi ti rí apá òsì màmá yẹn. Ó ti nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ṣẹ́ dídì, kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá. Tí ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bá dí ẹni tó ń sá lọ́nà, apá òsì yẹn ni ọ́ḿpáyà fi ń sọ pé òun ti rí i. Wọ́n á jẹ́ kí eré parí, wọ́n á wá tún un ṣe. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n pe ọmọ náà ní safe. Ayò 3 sí 3. Kóòṣì wa jáde. Wọ́n tẹ́tí sí i títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán, wọ́n lọ bi ẹnì kejì wọn ohun tó rí láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n padà wá ṣàlàyé: ibi tí ọmọ náà ti yà, bọ́ọ̀lù ò tíì dé. Ó tán. A pàdánù eré náà ní inning tó kẹ́yìn, 4 sí 3.

Ìdájọ́ tó dára jù lọ tí mo rí ní ọjọ́ méjì nìyẹn, ọmọ mi gan-an ni wọ́n dá a lé lórí. Ó sunkún dé ìdí mọ́tò. Nígbà tí a jókòó tán, ó ní, "Mọ́mì, bọ́ọ̀lù ò tíì sí lọ́wọ́ mi lóòótọ́." Ó ní kí inning kẹfà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí màmá yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku orí rọ́bà, wọ́n fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka ibì kan han òun níwájú rọ́bà. Wọ́n ní, dúró síbí, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ kí o tó tì í.

Ìyókù: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ títí di ọ̀sán Sátidé, kò mọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìbòòrùn kò sí fún òbí, ẹ gbé agboòrùn lọ. Pápá wọn dára gan-an, wọ́n ń bomi rin ín láàárín eré.

Mo kọ ímeèlì sí wọn ní ọjọ́ Ajé, mo ya àwòrán ojú ìwé méjèèjì mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ni mo béèrè. Ọ́ḿpáyà méjì fún eré kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n dín ẹgbẹ́ kù. Ẹni tó mọ òfin, tó máa wà ní pápá kọ̀ọ̀kan láti eré kìíní dé ìkẹyìn, kí kóòṣì rí ẹni tó máa gba owó ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì má fún ọ̀dọ́ kankan ní eré mẹ́fà lóòjọ́. Mo fi kún un pé kí wọ́n fún màmá yẹn ní iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, kí wọ́n sì lé òbí tó bá bú wọn jáde, kódà bó bá jẹ́ inú ẹgbẹ́ tiwa ló ti wá. Wọ́n fèsì lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní ní ìdíje oṣù kẹsàn-án, ọ́ḿpáyà méjì máa wà nínú eré ọjọ́ Àìkú, olórí ọ́ḿpáyà á sì wà ní pápá kọ̀ọ̀kan. Lórí Sátidé àti eré mẹ́fà, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti ní kí akápò ẹgbẹ́ wa má tíì san owó oṣù kẹsàn-án títí tá a fi rí èsì lórí ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan náà, mo ń fọ abọ́, mo wo ojú fèrèsé. Bàbá ọmọ mi ti gbé ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa lọ tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí i láti ìdí igi. Ìyá ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ló ń ṣe ẹni tó ń bọ̀ láti béèsì kẹta, wọ́n ń fi ọ̀pá agboòrùn rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí koríko. Ọmọ mi dúró síwájú ẹní náà, ó ya ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì ń retí bọ́ọ̀lù.